Ṣé O Mọ̀ Pé Ìwọ Gan-an Ni Ẹrù Tí O Fẹ́ Gbé?

Ṣé o mọ̀ pé bí ẹni tó wúwo tó 70 kílò bá ṣe press-up lásán, ọwọ́ méjèèjì àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bíi 45 kílò ló ń gbé? Àwọn onímọ̀ ti gbé e lé ìwọ̀n: ìdá 64 nínú 100 ìwúwo ara ló máa ń bọ́ sórí ọwọ́. Ó kù díẹ̀ kó tó àpò símẹ́ǹtì kan. Bí ẹni náà bá kúnlẹ̀ ṣe é, ó já sí ìdá 49. Bó bá gbé ọwọ́ lé àpótí tó ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ìdá 41 péré ni. Ṣùgbọ́n kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí yẹn kan náà, kí ọwọ́ wà nílẹ̀, ó di ìdá 74, ìyẹn bíi 52 kílò. Ó ti kọjá àpò símẹ́ǹtì nìyẹn, kò sì gbé irin kankan.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ní òun ń dúró de owó jíìmù kí òun tó bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale. Ẹrù ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń mú un wúwo àti bí wọ́n ṣe ń mú un fúyẹ́ ló kù. Iṣẹ́ tí ọ̀pá, ọ̀já, òrùka àti rọ́bà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ń ṣe nìyẹn, ilé oníyàrá kan sì gba gbogbo wọn láìsí wàhálà.

Ṣé o mọ ohun tí ilẹ̀ kò lè ṣe fún ọ? Ilẹ̀ gbà kí o tì í: press-up nìyẹn. Ó gbà kí o lóṣòó kí o sì dìde, kí itan àti ìdí lè le. Ṣùgbọ́n kò sí bí o ṣe máa fa ilẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ fífà ló ń mú ẹ̀yìn lágbára, òun ló ń mú iṣan iwájú apá àti ọwọ́ tó ń di nǹkan mú lágbára. Ẹni tó ń ṣe press-up nìkan láti ọdún dé ọdún, àyà rẹ̀ á yọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ́yìn. Tí o bá wò ó dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò kékeré tí wọ́n ń tà fún ìdárayá inú ilé, tìtorí fífà yìí ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ọ̀já TRX jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1997, Randy Hetrick, ọmọ ogun Navy SEAL ti Amẹ́ríkà, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà, níbi tí kò ti sí jíìmù tàbí irin. Bẹ́líìtì aṣọ jiu-jitsu rẹ̀ wà nínú ẹrù. Ó so ó pọ̀ mọ́ ọ̀já párásúùtù, ó há a mọ́ ilẹ̀kùn, ó fara tì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ bọ̀ síwájú. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, ó lọ kọ́ nípa òwò ní Yunifásítì Stanford, ó sì sọ ọ̀já náà di ọjà tí gbogbo ayé ń rà.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ rọrùn. Dúró ṣánṣán, di ọ̀já mú, fara tì sẹ́yìn díẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Gbé ẹsẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ kan, ara á tún dà sílẹ̀ sí i, apá á sì gbà nínú ẹrù ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ mìíràn, ó tún wúwo sí i. Ìyá ẹni ọdún 60 àti ọmọ ogun lè lo ọ̀já kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n má sì tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀ ju ibi tí kálukú wọn gbé ẹsẹ̀ sí lọ. Ohun kan ni kí o ṣọ́: ìhà tí ilẹ̀kùn máa ń ṣí sí. Ìhà kejì ni kí o dúró sí, kí fífà rẹ lè máa ti ilẹ̀kùn pa. Kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i lójijì nígbà tí ara rẹ wà lórí ọ̀já.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba kan ti fòfin de ìdárayá orí ọ̀pá rí? Ní 1811, Friedrich Ludwig Jahn, olùkọ́ kan ní Jámánì, ṣí pápá ìdárayá sí Hasenheide ní Berlin. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń rọ̀ mọ́ ọ̀pá, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ méjì gbé ara wọn sókè láàárín ọ̀pá méjì tó tò síra. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ òmìnira àti ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè wọn níbẹ̀, ìjọba Prussia kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n mú Jahn ní 1819. Láti 1820 títí di 1842 ni òfin náà fi wà. Àwọn tí kò lè jáwọ́ gbé ìdárayá wọn wọ abẹ́ òrùlé. Nígbà tí Òlíńpíìkì ìgbàlódé kọ́kọ́ wáyé ní Athens ní 1896, ọ̀pá wọ̀nyẹn wà níbẹ̀, òrùka náà sì wà níbẹ̀.

Òrùka tí wọ́n fi ń díje kò tóbi rárá. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 18 sẹ̀ǹtímítà, ó nípọn tó 28 mílímítà, 50 sẹ̀ǹtímítà ló sì wà láàárín okùn méjèèjì. O lè gbé e kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ni Arthur Zanetti fi gba góòlù ní London ní 2012, tó sì di ará Brazil àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì nínú jimnásíìkì. Zanetti kò ga ju 1.56 mítà lọ, gíga náà kò sì pa á lára: bí èèyàn bá na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ lórí òrùka, bí apá bá ṣe gùn tó ni ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i léjìká. Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Uche Eke ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣojú wa nínú jimnásíìkì ní Òlíńpíìkì, ní Tokyo, ní 2021.

Ṣé o mọ ìdí tí ẹni tó ń ṣe press-up 30 nílẹ̀ fi lè máa gbọ̀n lórí òrùka lẹ́yìn márùn-ún? Ilẹ̀ kì í mì. Òrùka lè lọ síbi tó bá wù ú, nítorí náà gbogbo iṣan kéékèèké tó yí èjìká ká gbọ́dọ̀ dìde ṣiṣẹ́ kí ọwọ́ tó lè dúró lójú kan. Gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe ìtìjú, ó máa ń kúrò bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí o bá fẹ́ rà, èyí tí wọ́n fi igi ṣe ni kí o mú. Oníke máa ń yọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti làágùn, ooru ilẹ̀ wa sì kúrò ní kékeré. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí o ń rí lọ́wọ́ àwọn oníjimnásíìkì lórí tẹlifíṣọ̀n, magnesium carbonate ni. Òógùn ló ń fà mu.

Ọ̀pá ìfàrọ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ orí ilẹ̀kùn wá ńkọ́? Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ní ìkọ́ tó ń há sórí etí férémù lẹ́yìn, apá iwájú rẹ̀ á sì tẹ férémù níwájú. Bí o bá ṣe wúwo tó ló ṣe ń di ilẹ̀kùn mú tó, kò sì nílò ìṣó. Èkejì ni ọ̀pá tí wọ́n ń yí títí orí rẹ̀ méjèèjì tó ní rọ́bà á fi tẹ férémù lọ́tùn-ún lósì. Èyí kò há mọ́ nǹkan kan o. Fífún tí rọ́bà fún mọ́ férémù nìkan ló gbé e dúró. Bí o kò bá fi skúrù de ibi ìjókòó rẹ̀ mọ́ férémù, má gbé gbogbo ara rẹ lé e.

Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ síbí yìí, nítorí owó ń ṣòfò níbẹ̀. Wọ́n ṣe ọ̀pá onìkọ́ fún ilé òkè òkun, níbi tí férémù ilẹ̀kùn ti máa ń ní etí igi tó yọ sí ìta. Ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, irin ni férémù, tàbí igi tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ dọ́gba mọ́ ògiri. Ìkọ́ ò ríbi há sí. Fi ọwọ́ kan òkè ilẹ̀kùn rẹ lónìí: bí àwọn ìka rẹ kò bá rí etí tó le, tó yọ síta dáadáa dì mú, ọ̀pá yẹn kì í ṣe tìrẹ.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wẹ́dà àdúgbò ló kàn. Ṣé o ti rí garawa ọ̀dà méjì tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń da kọnkéré sí, tí wọ́n á fi irin gígùn so pọ̀, tí wọ́n á máa gbé e sókè lẹ́yìnkùlé? Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà wọn. Ṣùgbọ́n garawa méjì kì í sábà wúwo dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan á máa fa èjìká ju èkejì lọ. Páìpù irin kan tó nípọn tó nǹkan bí 30 mílímítà, tí ìka lè yí ká, tí wẹ́dà jó mọ́ òpó irin méjì tí wọ́n rì sínú kọnkéré, á wúlò jù ú lọ fún ogún ọdún. Sọ fún wẹ́dà kó lọ ojú ibi tó jó kó dán, kó má baà ya àtẹ́lẹwọ́. Kí o tó rọ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ, fi àpò yanrìn tó wúwo jù ọ́ lọ kọ́ ọ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wá wò ó bóyá ó tẹ̀ tàbí ó là níbi kan.

Ṣé o mọ̀ pé iṣan lágbára láti sọ ẹrù kalẹ̀ ju láti gbé e sókè lọ? Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni tí kò tíì lè fa ara rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan péré. Gbé àpótí sábẹ́ ọ̀pá. Gùn ún, kí àgbọ̀n rẹ ti wà lókè ọ̀pá kí o tó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, máa ka ení, èjì, títí dé àrún, kí apá tó nà tán. Gun àpótí padà. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ọjọ́ kan. Ara á ro ọ́ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, nítorí sísọ̀ kalẹ̀ máa ń dun iṣan ju gígòkè lọ. Jẹ́ kó sinmi dáadáa kí o tó padà síbẹ̀.

Rọ́bà náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Fi rọ́bà olóbìírí kọ́ ọ̀pá, ki orúnkún bọ̀ ọ́, á gbà lára ìwúwo rẹ. Ìsàlẹ̀ gan-an, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń há, ni rọ́bà ti nà jù, ibẹ̀ náà ló ti ń gbé ọ jù.

Ó tún ku ìtàn kan nípa rọ́bà. Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ti ta rọ́bà fún ayé rí, kì í sì í ṣe láti ara igi Brazil tí gbogbo èèyàn mọ̀? Igi ìrẹ́ inú igbó tiwa ni wọ́n ń kọ. Ní 1895, rọ́bà tó jáde láti Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Kò pẹ́ tí òwò náà fi rọlẹ̀, torí wọ́n kọ àwọn igi náà ní àkọjù títí wọ́n fi kú. Lónìí, oje igi Brazil yẹn ló pọ̀ jù nínú rọ́bà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà, tó fi mọ́ púpọ̀ nínú rọ́bà ìdárayá.

Nítorí pé oje igi ni, ó lọ́tàá. Oòrùn ń pa á. Òróró ń pa á, ì báà jẹ́ òrí tàbí ìpara tí o fi para kí o tó jáde. Ṣan ọwọ́ kí o tó dì í mú, má sì sá a sójú fèrèsé. Kí o tó lò ó, nà án díẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, kí o wo etí rẹ̀ yípo. Bí o bá rí ojú tó ń là wẹ́wẹ́, jù ú nù lọ́jọ́ náà, nítorí ojú tàbí àyà ló máa ń nà nígbà tó bá já. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba oje rọ́bà rárá. Bí ara bá ń yún ọ tàbí tó sú lẹ́yìn tí o lò ó, wá èyí tí kò ní oje rọ́bà nínú.

Àwọ̀ rọ́bà kì í ṣe fún ẹwà. Ilé-iṣẹ́ TheraBand, tó ti wà láti 1978, ní ètò tirẹ̀: bí o bá na rọ́bà wọn di ìlọ́po méjì, aláwọ̀ ìyeyè á fà ọ́ padà bí ẹrù 1.3 kílò, dúdú á fà ọ́ bí ẹrù 3.3 kílò. Ṣùgbọ́n pupa ilé-iṣẹ́ kan lè le ju dúdú ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ. Na án wò kí o tó san owó.

Ọ̀pá kúkúrú méjì tí wọ́n ń dì mú ṣe press-up? Ó dára fún ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn, torí kò ní ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyẹn náà ni.

Táyà kékeré olọ́wọ́ méjì tí wọ́n ń yí síwájú láti orí ìkúnlẹ̀ kì í wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an fún ikùn, àmọ́ ó máa ń bá ìbàdí àwọn tó ń kánjú jà. Kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri, kí àlàfo tó wà láàárín má pọ̀, kí táyà lè kan ògiri kí ẹ̀yìn rẹ tó tẹ̀ kọ̀ǹgọ̀. Bó bá rọrùn, sún sẹ́yìn níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ṣé o mọ̀ pé agbára ìdìmú ọwọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí? Ìwádìí PURE, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2015, wọn ọwọ́ àwọn èèyàn bí 140,000 ní orílẹ̀-èdè 17. Brazil wà níbẹ̀, South Africa àti Zimbabwe náà sì wà níbẹ̀. Fún 5 kílò kọ̀ọ̀kan tí ìdìmú ẹnìkan fi rẹlẹ̀, ewu ikú rẹ̀ fi ìdá 16 nínú 100 ga sí i. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa èèyàn. Ó ń fi bí gbogbo iṣan ara ṣe wà hàn ni. Rírọ̀ mọ́ ọ̀pá lásán, láìgòkè láìsọ̀, ń kọ́ ọwọ́ ní ìdìmú.

Nílùú Rio de Janeiro, dókítà Claudio Gil Araújo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn tó lé ní 2,000, ẹni ọdún 51 sí 80, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì dìde láìfi ọwọ́ tàbí orúnkún ti nǹkan bí wọ́n bá lè ṣe é. Èsì rẹ̀ jáde ní 2012: àwọn tí kò lè dìde láìgba ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ni ikú ń tètè mú jù. Bí o bá ní òbí tó ti dàgbà nílé, jíjókòó sórí àga kí wọ́n sì dìde láìfọwọ́ tì í, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, eré ìmárale ni.

Ṣé o mọ ibi tí press-up kò ti wúlò rárá? Ojú òfuurufú. Nínú ibùdó International Space Station, ara kò ní ìwúwo, èèyàn kan kò sì ní ẹrù tí á fi kọ́ra. Egungun àti iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ARED lọ síbẹ̀ ní 2008. Ó ń fi agbára òfìfo inú àgbá méjì ṣe ẹrù tó lè tó 272 kílò. Nǹkan bíi wákàtí 2 ni àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń fi ṣe ìdárayá lójoojúmọ́, kí wọ́n lè rí ohun tí ayé ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ gbà padà.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru gbọ́ nìyí. Ní 2023, ìwé ìròyìn British Journal of Sports Medicine gbé àkójọ ìwádìí 270 jáde, tó kan àwọn èèyàn tó lé ní 15,000. Nínú gbogbo oríṣi ìdárayá tí wọ́n fi wéra, dídúró lójú kan pẹ̀lú agbára ló dín ìfúnpá kù jù: bí 8 nínú nọ́ńbà òkè, 4 nínú ti ìsàlẹ̀. Ògiri nìkan lo nílò fún un. Fi ẹ̀yìn ti ògiri, rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀, kí o dúró bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 2, sinmi, tún ṣe, títí di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 2 bá pọ̀ jù, jókòó sókè díẹ̀ sí i. Má ṣe di èémí rárá, torí dídi èémí máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì. Oògùn tí dókítà kọ, máa lò ó lọ, kí o sì sọ fún un kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe ìdárayá tó ń mú iṣan lágbára ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò sọ pé kó jẹ́ ní jíìmù.

Nítorí náà, bí owó ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ, ibi tí wàá rọ̀ mọ́ ni kí o kọ́kọ́ ná an lé: ọ̀pá onìkọ́ bí ilẹ̀kùn rẹ bá ní etí, páìpù wẹ́dà bí kò bá ní. Rọ́bà kan ni kó tẹ̀ lé e. Òrùka lè dúró di ìgbà tí o bá ti lè fa ara rẹ sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún. Èyí tó kù nínú ohun tí wọ́n ń polówó, fi owó rẹ̀ ra ẹyin àti ẹ̀wà.